Ta Ló Ń Ṣílẹ̀kùn? Òfin Àgbáyé àti Àwa Ará Ẹnubodè

Ọ̀rọ̀ àsọyé yìí ni mo sọ fún àwọn ọlọ́jà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ìbéèrè méjì tó wáyé lẹ́yìn tí mo parí, tí mo fi kún un.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò ráyè jókòó, ẹ kú ìdúró. Kí adé pẹ́ lórí Alákétu, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó wọ gbọ̀ngàn yìí, mo ní kí ọlọ́kadà tó gbé mi sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú Àkàbà Ìdẹ̀nà. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà kí n tó sọ̀rọ̀. Láyé ọjọ́un, ẹnu odi yẹn ni àlejò ń gbà wọ Kétu. Oníbodè á bi í pé níbo lo ti ń bọ̀, kí lo rù, ta lo wá kí. Bí oníbodè bá sì yan ẹnì kan jẹ, ààfin ò jìnnà. Onítọ̀hún lè lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba kó rò tẹnu rẹ̀. Ohun tí mo wá bá yín sọ ò jìnnà sí ìyẹn. Ilẹ̀kùn ayé ti pọ̀ ju ti Ìdẹ̀nà lọ. Ta ló ń ṣí wọn? Ta ló ń tì wọ́n? Bí wọ́n bá sì ti ọ̀kan mọ́ ọ lójú, ààfin wo lo máa gbà lọ?

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ náà, ayélujára. Íntánẹ́ẹ̀tì là ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń wí: ayé lu jára wọn. Ògiri tó wà láàárín ibí àti ọ̀hún ti lu. Ìrẹsì tí a jẹ níbi ìnáwó lọ́sẹ̀ tó kọjá, bóyá Thailand tàbí Íńdíà ni wọ́n ti gbìn ín, kó tó gba èbúté Kùtọnu wọlé. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Gàbọ́ọ̀nù, orí fóònù ni ìyá rẹ̀ ti gbà á, kò rí báńkì. Ìlujára yìí ni mo ń sọ. Níbi tí ọjà, owó àti ìròyìn bá ti ń lu jára, òfin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ni òfin àgbáyé ti gbà wọlé tọ̀ wá. Ìrora mi ni pé ó ti wọlé tọ̀ wá, àwa ni a ò tíì rọ́nà wọlé tọ̀ ọ́.

Nígbà kan, òfin àgbáyé ò ju ọ̀rọ̀ láàárín ìjọba àti ìjọba lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú yìí gan-an ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1886, ogun Dáhómè kó Kétu. N kò ní ròyìn rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ ni ìtàn náà. Ìlú jó, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa ní ẹrú lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì fa ìlà láti etí òkun lọ sókè. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa ìlà yẹn, Kétu ti di ahoro. Kò sí ẹnì kankan nílé tí ì bá sọ pé ẹ dúró ná. Nígbà tí àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé ní 1894, tí ọba tuntun sì gorí ìtẹ́, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá tí wọ́n jẹ́ ti Alákétu ti bọ́ sápá kejì lórí ìwé àwọn ará Yúróòpù.

Ìwé yẹn, òfin àgbáyé ni. Kò tíì kú. Nígbà tí àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Cairo ní 1964, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ààlà tí àwọn bá nílẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira làwọn óò máa tẹ̀ lé, nítorí wọ́n bẹ̀rù ogun. N kò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ ẹ wo ibi tó já sí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa àti Niger gbé ọ̀rọ̀ erékùṣù Lété inú odò Ọya lọ sílé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague, ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé kọ ni àwọn adájọ́ ń tú wò láti mọ ẹni tó ni ín. Ní 2005, Niger ló gba erékùṣù 16 nínú 25, Lété sì wà lára wọn. Ìjọba méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà, ìyẹn sì yẹ ká yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da màlúù lórí erékùṣù náà, ẹnu ìjọba ló gbẹ́kẹ̀ lé. Òun fúnra rẹ̀ ò lẹ́nu níbẹ̀.

Ìlujára ló yí èyí padà díẹ̀, díẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ ká jọ wò.

Lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé ní Èkó, CEDEAO, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sì bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS. Ní 1979 wọ́n tún ṣe àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sọ pé ohun oko àti iṣẹ́ ọwọ́ tó bá wá láti orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ san owó ibodè. Tòmátì, àgbàdo, ẹ̀pà, gaàrí, ẹni, ìkòkò: kò tilẹ̀ nílò ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá. Ẹ̀yin ìyá tó ń na ọjà Ìmẹ̀kọ, ẹ̀yin mélòó lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo rí ọwọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn tó kún báyìí, lórí òfin tó ti lé lógójì ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta tòmátì. Ní 2019, nígbà tí ibodè tì, ó ti ra apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá sílẹ̀, ó ti sanwó ọkọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ibi tí a dé, okùn ọ̀rá kan ni wọ́n fi dí ọ̀nà, wọ́n so ó mọ́ igi lápá kan, ọkùnrin kan jókòó lápá kejì, ó di okùn náà mú sórí itan rẹ̀. N kò ní sọ aṣọ tó wọ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti rán an. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní àṣẹ ti òkè wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òkè ibo? Kò dáhùn. A sun ibẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, omi tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ìdí apẹ̀rẹ̀, ó ń ṣàn gba ara pákó ọkọ̀ wá sílẹ̀, ó pọ́n, eṣinṣin bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ gbá omi náà kúrò lára táyà bí ẹni pé ó fẹ́ kó o padà sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní ká dà á nù.

Ohun tó dùn mí jù, lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ 7 oṣù keje 2019, ní Niamey, Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí àdéhùn ọjà òmìnira gbogbo Áfíríkà. Ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ibodè tì, kò sì ṣí títí di ìparí 2020. Nàìjíríà sọ ìdí tirẹ̀: fàyàwọ́ ìrẹsì, fàyàwọ́ epo, ohun ìjà. Kì í ṣe irọ́ pé fàyàwọ́ wà. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà tí ń gba inú igbó. Àdéhùn náà sì fi àyè sílẹ̀ fún ìjọba láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tòmátì kì í ṣe ìrẹsì Thailand. Ẹni tó ń wá fàyàwọ́ ìrẹsì tó wá ti ọ̀nà mọ́ ohun oko Kétu lójú, ẹlòmíràn ló ń bá jà.

Ààfin wo wá ni ẹ̀gbọ́n mi ì bá lọ?

Ní àdéhùn ọjà òmìnira Áfíríkà yẹn, ètò wà fún ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìjọba nìkan ló lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Oníṣòwò ò lẹ́nu níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ọmọ Yorùbá kan bíi tiwa ló ṣe é. Ní oṣù kẹjọ 2003, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú wa lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jí ọkọ̀. Oníṣòwò kan, Afọlábí Olájídé, ti bá ẹnì kan ṣàdéhùn ọjà ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, kò rọ́nà kọjá. Kò padà sílé lọ káwọ́ lérí. Ó gbé ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ CEDEAO ní Àbújá, ó ní ẹ ti tẹ ẹ̀tọ́ tí mo ní láti kọjá lójú. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ náà gbọ́ nìyẹn. Ní 2004 wọ́n dájọ́: wọn ò lè gbọ́ ọ, nítorí àdéhùn tó dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀ ò fàyè gba ẹnì kan ṣoṣo láti wá fúnra rẹ̀.

Ó pàdánù. Ṣùgbọ́n ìtìjú bá àwọn adájọ́ àti àwọn ìjọba pé ilé ẹjọ́ kọ́ sílẹ̀, ẹni tí ibodè tì mọ́ lójú ò sì lè wọ̀ ọ́. Ní oṣù kìíní 2005 wọ́n tún àdéhùn náà ṣe. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ lójú ní orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ tààrà, kò tilẹ̀ di dandan kó kọ́kọ́ gba gbogbo kóòtù ilé kọjá. Ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ oníṣòwò kan lójú ní ibodè ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni obìnrin Niger kan, Hadijatou Mani Koraou. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n tà á, ẹgbẹ̀rún 240 owó sẹ́fà. Ó ṣe ẹrú fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹwàá 2008, ilé ẹjọ́ CEDEAO sọ pé ìjọba Niger jẹ̀bi nítorí kò dáàbò bò ó, wọ́n sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́wàá fún un. Obìnrin tí wọ́n fowó rà dúró níwájú ìjọba, ó sì borí. Ní ayé àdéhùn 1889, ta ló lè lá irú àlá bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀kùn tó ṣí lè tún tì. Niger ti kúrò nínú CEDEAO láti 29 oṣù kìíní 2025, pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso. Ọmọbìnrin tó bá wà nírú ipò Hadijatou lónìí ò lè fi ọkàn balẹ̀ sórí ilé ẹjọ́ Àbújá bíi tẹ́lẹ̀. Àwa náà ńkọ́? Ní 2016, orílẹ̀-èdè wa gbà kí ará ìlú lè gbé ẹjọ́ lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà ní Arusha, ní Tansaníà. Ní 2020 ìjọba fa ọwọ́ náà padà. Rwanda, Tansaníà àti Côte d'Ivoire ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. N kò wá síbí wá ṣòṣèlú, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì tì í, ẹ ò gbọ́. Ohun tí a ò mọ̀ pé a ní, a ò lè sunkún rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ olówó. Ní 2010, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní P&ID, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù British Virgin Islands, bá ìjọba Nàìjíríà ṣàdéhùn láti kọ́ ilé iṣẹ́ gáàsì sí Kàlàbá. Wọn ò kọ́ ọ. Wọ́n ní Nàìjíríà ló yẹ àdéhùn, wọ́n sì gbé e lọ síwájú àwọn onídàájọ́ mẹ́ta ní London, nínú yàrá tí ará ìlú ò lè wọ̀. Ní 2017, àwọn yẹn ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Èlé gun orí rẹ̀ títí ó fi kọjá bílíọ̀nù 11. Ọdún 2023 ni adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní London tó rí i pé iléeṣẹ́ náà fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní rìbá, pé ó sì parọ́ nínú ẹ̀rí, tó wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ sì ronú sí i: iléeṣẹ́ tí kò fi búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn rí ibi jókòó dọ́gba dọ́gba pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní apẹ̀rẹ̀ tòmátì mọ́kànlá lọ́wọ́, òkè ni wọ́n ní kó lọ bi.

Òfin ló ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èèṣì. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í lu jára, àwọn olówó ló kọ́kọ́ bèèrè ààbò fún owó tí wọ́n ń gbé lọ sílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n bèèrè, wọ́n sì gbà. Ẹni tó ń ru ẹrù lórí ò bèèrè.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé òwú, bẹ́ẹ̀ òwú ni owó orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tó bá ti dé Banikoara lákòókò ìkórè mọ ohun tí mò ń sọ, òwú bí òkè lẹ́bàá ọ̀nà. Amẹ́ríkà ń fún àwọn àgbẹ̀ òwú tirẹ̀ lówó ìrànwọ́ tó pọ̀, wọ́n ń gbìn ju bó ṣe yẹ lọ, iye òwú sì ń já wálẹ̀ ní gbogbo ayé. Ní 2003, orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú Burkina Faso, Mali àti Chad kígbe ẹ̀ níwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé. Brazil ti pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwa àti Chad wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Brazil jàre. Ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 2005. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún Brazil lọ́dọọdún kí Brazil má bàa gbẹ̀san lórí ọjà rẹ̀, ní 2014 ó sì san ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́.

Kí ló kan àgbẹ̀ Banikoara níbẹ̀? Ẹ bi mí. Kọ́bọ̀ kan kò kàn án. Brazil lè halẹ̀ pé òun óò gbẹ̀san, nítorí Amẹ́ríkà ń tajà fún un. Kí ni àwa fẹ́ fi halẹ̀? Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Láti oṣù kejìlá 2019 pàápàá, ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yẹn ò tún lè jókòó mọ́, nítorí Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí wọ́n yan adájọ́ sí i. Ẹni tó jẹ̀bi lè kọ̀wé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí àga tó ṣófo, kí ẹjọ́ náà sì wà níbẹ̀ títí. Síbẹ̀, n kò sọ pé ká kúrò. Ọ̀rọ̀ tí orílẹ̀-èdè kékeré mẹ́rin sọ lọ́dún 2003 wà nínú àkọsílẹ̀, wọn ò sì lè ṣèpàdé nípa òwú lónìí láì dárúkọ rẹ̀.

Nǹkan kan wà nílé tó máa ń mú inú mi dùn. Ìwé ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1993 ló dá OHADA sílẹ̀, àjọ tó ń mú òfin ìṣòwò ṣọ̀kan ní Áfíríkà, orílẹ̀-èdè 17 ni wọ́n sì ń lo òfin ìṣòwò kan náà báyìí, láti Dakar dé Kinshasa. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn adájọ́ ní òfin yìí, Àjàṣẹ́ tiwa yìí, Porto-Novo, ló wà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ronú Paris, ẹ kọ́kọ́ ronú Àjàṣẹ́. Àmọ́ Nàìjíríà ò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ìyá méjì bá ń jọ ṣòwò, ọ̀kan ní Kétu, èkejì ní Ìmẹ̀kọ, òfin méjì ló wà lórí ọjà kan náà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ná, kí ọjà tó ṣẹ́ tàbí kó tó fọ́, ìlú tí wọ́n máa dájọ́ rẹ̀ sí.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, n kò ní fi gùn. Ní 2001 UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tó ga jù láyé, ó sì wọ ìwé wọn ní 2008. Orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: tiwa, Nàìjíríà àti Tógò. Ìwé 1889 pín wa, ìwé yìí ò pín wa. Òfin àgbáyé kan náà ló kọ méjèèjì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn wọ̀nyí, ènìyàn ńlá ni gbogbo wọn. Kí ni tiwa?" Mo sọ ti Vanuatu fún un. Erékùṣù kékeré ni, nínú òkun Pàsífíìkì. Ní 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin 27 jókòó nínú kíláàsì wọn níbẹ̀, wọ́n ní ká bi ilé ẹjọ́ Hague léèrè ojúṣe ìjọba lórí ojú ọjọ́ tó ń bà jẹ́. Wọ́n tọ ìjọba wọn lọ, ìjọba wọn tọ àwọn mìíràn lọ, ní 2023 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìbéèrè náà lọ. Lọ́jọ́ 23 oṣù keje 2025, ilé ẹjọ́ náà dáhùn pé òfin de gbogbo ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni tó bá rú u lè san gbèsè ohun tó bà jẹ́. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe ìdájọ́ tó de ẹnikẹ́ni tààrà. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ náà jókòó, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà náà ni ìyá kan ní iwájú, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Bàbá, èmi ò mọ Hague. Bí wọ́n bá tún dí ọ̀nà lọ́la, kí ni kí n ṣe kí n tó sunkún?"

Mo ní: Ìyá, ẹ bèèrè ìwé. Owó yòówù tí ẹ bá san, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ fúnra yín, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ yín kọ ọ́: ọjọ́, aago, orúkọ ibi tí wọ́n ti dí yín, ohun tí ẹ rù, iye tí ẹ rà á. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín. Agbẹjọ́rò ló máa gbé e lọ sí Àbújá, ṣùgbọ́n kò sí agbẹjọ́rò tó lè gbé ẹnu lásán lọ.

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó wá tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ àpò ọ̀rá kékeré kan, ó sì tú ìwé kan jáde nínú rẹ̀, tó ti ká mẹ́rin, tí ojú ibi tó ká ti fẹ́ ya. Ìwé àwọn tó gbé ẹrù rẹ̀ ní 2019 ni: iye àpò, iye owó, ọjọ́. Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun fi tọ́jú rẹ̀. Mo gbé jígí mi wọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.